Kí Ni Báńkì Ń Yọ Nínú Owó Òwò Yín? Bí Oníṣòwò Kékeré Ṣe Lè Ka Sítétímẹ́ǹtì Rẹ̀, Kó sì Fi Báńkì Wé Báńkì

Ẹ ṣí sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì òwò yín ti oṣù tó kọjá, kí ẹ wá nọ́ńbà yìí nínú rẹ̀: 53.75. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i níbi púpọ̀. Owó ìfowóránṣẹ́ ni ₦50 nínú rẹ̀. ₦3.75 tó kù jẹ́ VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí iṣẹ́ tí báńkì ṣe fún yín. Ẹ tún lè rí 26.88 àti 10.75. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ibẹ̀: ₦25 pẹ̀lú VAT rẹ̀, àti ₦10 pẹ̀lú VAT rẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí, ní ibi tí àwọn oníbàárà ti ń mú ẹ̀sùn wá. Ní báyìí, ìwé owó àwọn oníṣòwò kékeré ni mo ń bójú tó ní Ìbàdàn: àwọn aláṣọ ní Gbági, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate, àwọn aránṣọ, àwọn oníke. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé báńkì ń gé owó. Díẹ̀ nínú wọn ló lè sọ èyí tí wọ́n gé, ìdí tí wọ́n fi gé e, àti ẹni tó gbà á. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí kò yí padà: "Báńkì wo ló dára jù?" Èmi kì í dáhùn títí n ó fi rí bí owó ẹni náà ṣe ń rìn. Ẹni tó ń ta ọjà olówó ńlá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti ẹni tó ń gba káàdì ní ogójì ìgbà lójúmọ́, ohun tó ń jẹ owó wọn yàtọ̀ síra. Báńkì tó dẹ̀ fún ọ̀kan lè le fún èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìjọba sọ́tọ̀

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ, méjì wà tí kò sí báńkì tó lè dín in kù fún yín. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi tìtorí wọn kúrò ní báńkì kan lọ sí òmíràn.

Èkíní ni VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó iṣẹ́ báńkì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ara wọn: kì í ṣe lórí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ o. Bí ẹ bá rán ₦200,000, orí ₦50 tí báńkì gbà ni VAT wà, kì í ṣe orí ₦200,000.

Èkejì ni owó sítáǹpù, ₦50, lórí gbogbo owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tó tó ₦10,000 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. EMTL ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọ àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n sì ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, nígbà tí òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ó rí i lórí sítétímẹ́ǹtì gẹ́gẹ́ bíi "stamp duty", ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló sì ń san án. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí ẹ bá gbé láti àkáǹtì yín kan sí èkejì nínú báńkì kan náà.

Ìyípadà yẹn kàn ọlọ́jà gan-an. Ẹ wo ẹni tí oníbàárà ń san ₦10,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ní ìgbà 90 lóṣù: ₦4,500 ló ń bá EMTL lọ tẹ́lẹ̀. Owó yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń san owó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ẹni tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ogójì, ọrùn tirẹ̀ ló bọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi sítétímẹ́ǹtì ọdún 2025 wé ti ìsinsìnyí, ẹ má sọ pé báńkì ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n tàbí ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ kí ẹ tó yọ ₦50 wọ̀nyí kúrò.

Ohun tí báńkì fúnra rẹ̀ ń gbà

Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tó sọ iye tí báńkì lè gbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020 ni púpọ̀ nínú iye tí mo fẹ́ sọ yìí ti wá. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ojú ewé CBN, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. CBN máa ń ṣe àtúnṣe sí i láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ẹ wo èyí tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ bá báńkì sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òkè ni ìwé yìí ń dí. Iye tí báńkì kò gbọdọ̀ kọjá ló wà níbẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí báńkì gbà á tán.

Lórí owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, tí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦10 ni. Láti ₦5,001 dé ₦50,000, ₦25. Ohun tó bá ju ₦50,000 lọ, ₦50. Káàdì tuntun jẹ́ ₦1,000, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó san án. Káàdì tó wà lórí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kò ní owó ìtọ́jú, àmọ́ ti sẹ́fíǹsì jẹ́ ₦50 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. SMS tó ń sọ pé owó wọlé tàbí owó jáde ti di ₦6 láti oṣù karùn-ún ọdún 2025. Bí ẹ bá ń lo USSD, ìyẹn kóòdù oníràwọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù, láti oṣù kẹfà ọdún kan náà, inú owó ìpè orí fóònù yín ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 lórí ìṣẹ́jú méjì méjì. Ẹ kò ní í rí ìyẹn lórí sítétímẹ́ǹtì rárá. ATM báńkì yín kò gba nǹkan kan. Ti báńkì mìíràn ń gba ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan, tí kò bá sì sí nínú ọgbà báńkì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025 nìyẹn.

Àwọn wọ̀nyí kéré, wọn kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀ láti báńkì dé báńkì. Èyí tó yẹ kí ẹ jókòó tì ni owó ìtọ́jú àkáǹtì.

Àwọn àgbà ọlọ́jà ṣì ń pe owó náà ní COT, wọn kò sì jìnnà sí òótọ́. Nígbà tí COT wà, báńkì lè gba tó ₦5 lórí ẹgbẹ̀rún kan náírà. CBN dín in kù sí ₦3 ní 2013, ₦2 ní 2014, ₦1 ní 2015, ó sì fòpin sí i ní 2016. Owó ìtọ́jú àkáǹtì ló gba ipò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ₦1 lọ lórí ₦1,000, orí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n sì ti lè gbà á.

₦1 lórí ₦1,000 dún bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n owó ìfowóránṣẹ́ ní ibi tó ń dúró sí: ẹ rán ₦60,000, ẹ rán ₦6,000,000, ₦50 kan náà ni. Owó ìtọ́jú àkáǹtì kò ní ibi tó ń dúró sí. Lórí ₦60,000, ₦60 ni. Lórí ₦6,000,000, ₦6,000 ni, kí VAT tó gorí rẹ̀. Bí òwò yín bá ṣe ń dàgbà ni òun náà ń dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn mi pé kí wọ́n má bínú sí ₦53.75 tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, kí wọ́n wá ìlà kan ṣoṣo tó máa ń jáde ní ìparí oṣù, tí wọ́n kọ "maintenance fee" tàbí "CAMF" sí. Ibẹ̀ ni owó wà.

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, orí owó tí ẹ san fún ẹlòmíràn, tàbí èyí tí ẹ gbé lọ sí àkáǹtì ara yín ní báńkì mìíràn, ni wọ́n ti lè gbà á. Owó tí ẹ gbé láti kọ́rẹ́ǹtì yín sí sẹ́fíǹsì yín nínú báńkì kan náà kò sí lára rẹ̀. Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ yọ, bíi owó SMS, kò sí lára rẹ̀. Èkejì, ìwé ìtọ́sọ́nà náà sọ ọ́ ní kedere pé oníbàárà lè bá báńkì dúnàádúrà lórí rẹ̀. Mo ti rí oníṣòwò tó ń ná ẹni tó ń ta tòmátì fún ìdajì wákàtí, tí kò sì béèrè lọ́wọ́ máníjà báńkì rẹ̀ rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gba kọ́bọ̀ àádọ́ta dípò náírà kan?" Ẹ béèrè. Wọ́n ń gbà.

POS: owó tí kì í fara hàn

Bí oníbàárà bá fi káàdì san ₦20,000 lórí ẹ̀rọ POS yín, ₦20,000 kọ́ ló ń wọ àkáǹtì yín. Ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, 0.5, ni wọ́n lè yọ, tí kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ lórí ìsanwó kan. Lórí ₦20,000 yẹn, ₦100 ni. Owó náà ti kúrò kí tiyín tó dé, nítorí náà kò sí àlẹ́ẹ̀tì tó ń dún pé wọ́n yọ ọ́. Ẹni tí kò bá fi iye tó tà wé iye tó wọlé kò lè mọ̀ láé.

Òpin ₦1,000 yẹn wúlò fún ẹni tó ń ta ohun ńlá. Ẹni tó ta fíríìjì ₦400,000 yóò san ₦1,000, èyí tí kò tó ìdá ààbọ̀ rárá. Ẹni tó ta ọjà ₦4,000 ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ ₦400,000 kan náà, yóò san ₦2,000. Àwọn tó ń tà ní wẹ́wẹ́ ni POS ń wúwo lé jù, àwọn kan náà sì ni kì í béèrè.

Oníṣòwò ni ìlànà ní kó san owó yìí. Kí ẹ máa fi ₦100 lé iye ọjà nítorí pé ènìyàn fẹ́ lo káàdì kò bá ìlànà mu, ó sì ń lé oníbàárà.

Ṣé ẹ lè sọ fún oníbàárà pé kó fi owó ránṣẹ́ dípò káàdì? Bẹ́ẹ̀ ni. Owó tó wọlé bẹ́ẹ̀ kò ní ìdá ààbọ̀ lórí, owó sítáǹpù sì ti wà lọ́rùn ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òun ni yóò san owó ìfowóránṣẹ́, àti ₦50 sítáǹpù bí ọjà náà bá tó ₦10,000, nítorí náà ẹ má fi ipá mú un. Ẹ má sì gbé ọjà jáde lórí àwòrán tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Inú áàpù tiyín ni kí ẹ ti rí owó. Bí ẹ̀rọ POS yín bá ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ tí oníbàárà lè rán owó sí, ẹ bi ẹni tó fún yín ní ẹ̀rọ náà pé èló ló ń gbà lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Ó lè yàtọ̀ sí ti káàdì.

Owó lọ́wọ́, àti ìdí tí àkáǹtì ara ẹni fi lè di ọ̀wọ́n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sẹ́fíǹsì ara wọn ṣòwò kí wọ́n má bàa san owó ìtọ́jú àkáǹtì. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá èrè wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gba ₦500,000 lówó lọ́wọ́ jáde láti inú àkáǹtì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ sì lè gba ₦5,000,000. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbà kọjá ìyẹn, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn ó yọ lórí àlékún náà. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ìdá 5. Ẹni tó ń lọ ra ọjà lóko, tó gba ₦900,000 lọ́sẹ̀ kan láti inú àkáǹtì ara rẹ̀, ti kọjá ààlà pẹ̀lú ₦400,000. Ìdá 3 rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn o. Ká ní àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ló ti gbà á, kò ní í san ìyà kankan, owó ìtọ́jú àkáǹtì kò sì lè ju ₦900 lọ. Kí ẹ bi báńkì yín léèrè bóyá orúkọ òwò tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC wọ inú ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ lójú wọn, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ. Fífi owó lọ́wọ́ sínú àkáǹtì kò ní ààlà mọ́, wọ́n ti yọ owó tí wọ́n máa ń gbà lórí rẹ̀ kúrò.

Bí owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín kò bá ju ₦300,000 lọ lóṣù, owó ìtọ́jú àkáǹtì yín jẹ́ ₦300, ó pọ̀ jù. Lójú tèmi, ₦300 kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ da owó òwò pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ ilé. Ẹni tó bá da wọ́n pọ̀ kò ní í mọ̀ bóyá ó jèrè, ọjọ́ tí báńkì bá sì ní kó mú sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà wá fún ẹ̀yáwó, yóò máa ṣàlàyé owó ìsìnkú àti owó ilé-ìwé ọmọ.

Ẹ ṣe ìṣirò oṣù kan

Báńkì gbọ́dọ̀ fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù láìgba owó. Ẹ gbé ti oṣù kan tó rí bí oṣù yín ṣe máa ń rí. Ẹ má mú ti oṣù Kérésìmesì. Ẹ mú bírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ fi ọ̀kan fa ìlà sábẹ́ owó ìjọba, kí ẹ fi èkejì fa ìlà sábẹ́ ti báńkì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí owó jáde ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ lókè, iye gbogbo owó tó jáde, iye ìgbà tí owó wọlé, àti iye tí ẹ gbà lórí POS.

Ká mú oníke kan bí àpẹẹrẹ. Lóṣù kan, ó san ₦2,400,000 fún àwọn tó ń kó ike fún un, ní ìgbà 12, tí gbogbo rẹ̀ ju ₦50,000 lọ. Ó san owó ọkọ̀, owó alábàárù àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 20, tí kò sí èyí tó dín sí ₦10,000 tàbí tó ju ₦50,000 lọ, ₦400,000 lápapọ̀. Ó san àwọn kéékèèké tí kò tó ₦5,000 ní ìgbà 10, ₦30,000 lápapọ̀. Owó wọlé fún un ní ìgbà 90. Ó gba ₦1,500,000 lórí POS, láìsí ìsanwó kan tó tó ₦200,000.

Owó ìfowóránṣẹ́: 12 lọ́nà ₦50 jẹ́ ₦600, 20 lọ́nà ₦25 jẹ́ ₦500, 10 lọ́nà ₦10 jẹ́ ₦100. Àpapọ̀ ₦1,200.
Owó ìtọ́jú àkáǹtì: ₦2,830,000 ló jáde, nítorí náà ₦2,830.
POS: ìdá ààbọ̀ ₦1,500,000 jẹ́ ₦7,500.
SMS: 42 tó jáde àti 90 tó wọlé, 132 lọ́nà ₦6, ₦792.
Sítáǹpù: 32 lọ́nà ₦50, ₦1,600.

₦13,922 nìyẹn. VAT lórí mẹ́ta àkọ́kọ́ tún jẹ́ ₦864.75.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò. Owó ìfowóránṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń kùn sí kò tó ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀. POS nìkan ju ìdajì lọ. Bí oníke yìí bá sáré kúrò ní báńkì rẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn ń polówó pé ìfowóránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ₦1,200 ni yóò rí pa mọ́, tí POS ibẹ̀ bá sì le jù, ó ti pàdánù. Òwò yín lè yàtọ̀ sí tirẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kì í lo POS, tó ń san ₦20,000,000 jáde lóṣù, owó ìtọ́jú àkáǹtì ₦20,000 ni yóò gba gbogbo ojú ìwé náà.

Kí ẹ tó lọ bá báńkì kankan, ẹ wo ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dín kù. Ẹni tó ń san ₦60,000 fún olùtajà kan náà ní ìgbà mẹ́rin lóṣù ń san ₦50 ìfowóránṣẹ́ àti ₦50 sítáǹpù nígbà kọ̀ọ̀kan, ₦400. Bí olùtajà náà bá gbà pé kó san ₦240,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦100 ni. Pé kí ènìyàn gé owó sí wẹ́wẹ́ kó lè sá fún sítáǹpù kò bọ́gbọ́n mu: ₦18,000 tí ẹ gé sí méjì yóò gba ₦25 lẹ́ẹ̀mejì, SMS yóò lé ọ̀kan, wàhálà rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ rí pa mọ́ lọ. SMS ẹ̀wẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n máa fi ìmeèlì tàbí áàpù sọ fún yín dípò rẹ̀. Èmi kì í gba ẹni tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀ níyànjú láti dá SMS dúró o. ₦792 kò tó owó tí olè lè kó kí ẹ tó ṣí ìmeèlì.

Bí ẹ ó ṣe fi báńkì wé báńkì

Ẹ kọ nọ́ńbà oṣù yín sí ojú ìwé kan: owó tó jáde, iye ìgbà, POS, owó lọ́wọ́. Ẹ mú un lọ sí báńkì mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èló ni owó báńkì yín?" Wọn ó fún yín ní ìwé aláràbarà tí ẹ kò ní í rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Bí owó mi ṣe ń rìn rèé. Ká ní ọ̀dọ̀ yín ló wà lóṣù tó kọjá, èló ni ẹ̀ bá ti yọ?" Òṣìṣẹ́ báńkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú ẹ̀rọ ìṣirò. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ béèrè fún ẹni tó ń bójú tó àwọn oníṣòwò kékeré.

Àwọn báńkì kan ní ètò tí wọ́n fi ń gba iye kan pàtó lóṣù dípò owó ìtọ́jú àkáǹtì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá ní ₦2,000 lóṣù, ẹni tí owó tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ju ₦2,000,000 lọ ló jèrè. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ₦700,000 ń san ₦2,000 dípò ₦700. Oníke wa yóò rí ₦830 pa mọ́. Ká wá ní báńkì kejì kò yí owó ìtọ́jú padà, ṣùgbọ́n ó gbà láti mú POS wá sí ìdá 0.4. Lórí ₦1,500,000, ₦6,000 ni yóò san dípò ₦7,500. ₦1,500 ló rí pa mọ́ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ètò tó ní orúkọ dídùn kọ́ ló gbè é, bí kò ṣe èyí tó kan ibi tí owó rẹ̀ ń gbà jáde.

Ẹ béèrè iye tó gbọ́dọ̀ máa wà nínú àkáǹtì nígbà gbogbo. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní owó báńkì, ṣùgbọ́n ₦50,000 tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn jẹ́ ọjà ₦50,000 tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè ọjọ́ tí owó POS ń wọlé: lójú ẹsẹ̀ ni tàbí ọjọ́ kejì? Bí ẹ bá ń fi owó àná ra ọjà òní, èyí lè ṣe pàtàkì ju ìdá ààbọ̀ lọ. Ẹ béèrè owó tókìnnì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún yín ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ fi ń rán owó, bí ẹ ó bá lò ó. Ẹ sì béèrè báńkì tí olùtajà yín tó tóbi jù ń lò, torí ọ̀pọ̀ báńkì kì í gba owó ìfowóránṣẹ́ láàárín àkáǹtì wọn méjì.

Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ orí fóònù tàbí báńkì máíkírófáínáǹsì ni ẹ ń wò nítorí pé owó wọn dẹ̀, ó dára, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi ń lò wọ́n. Àmọ́ ẹ mọ ààbò tó wà lórí owó yín. Láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìbánigbófò fún owó tí ènìyàn fi sí báńkì, ń dáàbò bo owó tó tó ₦5,000,000 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báńkì máíkírófáínáǹsì. Ẹ má jẹ́ kí owó tó ju ìyẹn lọ sùn síbẹ̀.

Ohun tí báńkì bá sọ, ẹ gbà á ní kíkọ. Ìmeèlì ìlà méjì tó. Òṣìṣẹ́ tó ṣèlérí fún yín lè ti kúrò ní ẹ̀ka yẹn kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Tí wọ́n bá yọ ohun tí kò yẹ

Aláṣọ kan ní Gbági máa ń gbé èrè ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti kọ́rẹ́ǹtì sí sẹ́fíǹsì rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, nínú báńkì kan náà. Báńkì ń gba owó ìtọ́jú àkáǹtì lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo rí i, a kọ lẹ́tà, a to gbogbo ọjọ́ àti iye náà sínú rẹ̀, a sì tọ́ka sí ibi tí ìtọ́sọ́nà CBN ti sọ pé wọn kò lè gbà á. Wọ́n dá owó náà padà. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé ló ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn káńtà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀sùn tó ní ọjọ́ àti iye ń rìn kíákíá. Èyí tó sọ pé "ẹ ti ń jí owó mi gbé tipẹ́" máa ń jókòó sórí tábìlì.

Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ báńkì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, tàbí èsì náà kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ so lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ìtọ́sọ́nà 2020 ní ìtanràn ₦2,000,000 fún báńkì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ta kò ó, àwọn báńkì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá pinnu láti kó lọ, ẹ má ti àkáǹtì àtijọ́ pa lọ́jọ́ kan náà. Àwọn oníbàárà tó ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù wọn yóò ṣì máa rán owó síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ dá POS rẹ̀ padà, kí ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún SMS. Nígbà tí oṣù kan bá kọjá tí kò sí ẹni tó rán nǹkan kan síbẹ̀ mọ́, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tì í, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti tì í lóòótọ́.